Ọta Bàbà Tàjùdéèn àti Àga Ẹnu Ọ̀nà

Tàjùdéèn Ajíbóyè kì í kánjú. Iṣẹ́ lífìtì ló ń ṣe ní àwọn fúláàtì káńsù ní Peckham níbí. Tí lífìtì ilé wa bá kọṣẹ́, òun ni wọ́n sábà máa ń rán wá, àwa tí a ru ẹrù dání á sì dúró nísàlẹ̀, a ó máa kùn. Kò ní fi ọwọ́ kan bóòtù lífìtì kan tí kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tí ẹnìkan bá ní kó ṣe kíá, á ní, "Ẹ gun àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n mi. Orúnkún tó ń ro èèyàn sàn ju ọrùn tó kán lọ." A ó rẹ́rìn-ín, a ó gun àtẹ̀gùn.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ̀ pé ọdẹ ni. Èmi mọ̀, torí ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tèmi. Ọdẹ tó gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ọlọ́pàá ni, tó ń ti ìbọn rẹ̀ mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin tí wọ́n kàn mọ́ ògiri, tí ọlọ́pàá sì ti wá fojú ara wọn rí. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho, ọdẹ ni bàbá tó bí bàbá rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ó rò pé iṣẹ́ náà ti tán lórí òun. Àfi ìgbà tó bá ọ̀gá rẹ̀ kan dé oko kan ní Kent, tó rí i bí àgbọ̀nrín ṣe ń jẹ nǹkan ọ̀gbìn bí ẹni pé àwọn ló gbìn ín. Àgbẹ̀ náà ń wá ẹni tó máa bá òun dín wọn kù. Bí ó ṣe padà sídìí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìdílé Ajíbóyè, wọn kì í fi ẹran ọjà nìkan sọ ọmọ lórúkọ. Àgbò wà fún àkíkà, ẹran tí Mùsùlùmí ń pa fún ọmọ tuntun, ìyẹn ti ẹ̀sìn. Ẹran ìgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ ará ilé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Nígbà tí wọ́n bí Yusrah, ọmọ kan ṣoṣo tí òun àti Rùkáyàt ìyàwó rẹ̀ bí, Tàjùdéèn kò tíì ní ìbọn. Adìyẹ inú firísà ni wọ́n fi sọ Yusrah lórúkọ. Ọ̀rọ̀ adìyẹ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí Yusrah wá dàgbà, tó lọ́kọ, tó wá sọ fún wọn pé òun ti lóyún, ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu bàbá rẹ̀ lẹ́yìn Alhamdulillah ni, "Ti èyí kò ní jẹ́ adìyẹ."

Ilé ìtajà oògùn ní Catford ni Yusrah ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó sórí àga gígùn nínú pálọ̀ wọn, ó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù, ó ní, "Daddy, mo fẹ́ kẹ́ ẹ pa ẹran ìgbẹ́ náà. I swear down, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ọta òjé yẹn, no."

"Kí ni òjé ṣe?"

"Ó máa ń fọ́ nínú ẹran. Ó máa fọ́ wẹ́wẹ́, ojú ò lè rí i. Ẹ ò lè fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ ò lè gé e kúrò tán. Wọ́n ní kí aboyún má jẹ ẹ́, kí ìyá ọlọ́mọ má jẹ ẹ́. Tí èmi bá jẹ ẹ́, inú ọmú ló máa gbà dé ẹnu baby."

"Ẹran tí wọ́n fi òjé pa la jẹ dàgbà nílé wa. Ṣèbí ò ń wò mí?"

"Mo ń wò yín, Daddy," Yusrah ní.

Rùkáyàt gbé ojú sá sínú kíṣìnì kí ọkọ rẹ̀ má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Tàjùdéèn fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní, "Ó dáa. Mo máa lo ọta bàbà, ìyẹn kì í fọ́."

Ó rọrùn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Tàjùdéèn kì í ra ọta tí wọ́n ti ṣe tán. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dì í, bí bàbá rẹ̀ ṣe ń ki ìbọn tirẹ̀. Ife idẹ kékeré kan ni, tí ìṣáná tó ń dáná sí ẹ̀tù ìbọn wà ní ìdí rẹ̀. Á wọn ẹ̀tù sínú ife náà, á wá fi ọta dí i lẹ́nu. Òjé ni àárín ọta tó ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Ó mọ iye ẹ̀tù tó bá a lára mu. Bàbà ni kò tíì dì rí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Bánjí Ọládọ̀tun wá kí i lọ́jọ́ tí àwọn ọta bàbà náà dé. Díákónì ni Bánjí, nínú ìjọ kan tó ń jọ́sìn níbi tó jẹ́ ilé ìkẹ́rù tẹ́lẹ̀ ní ọ̀nà Deptford. Òun náà ń dọdẹ, ṣùgbọ́n ọta tí wọ́n ti dì tán ló ń rà. Ó bá Tàjùdéèn nínú yàrá kékeré tí Yusrah ń sùn sí kó tó lọ sílé ọkọ, tó tẹjú mọ́ ọta bí alágbẹ̀dẹ wúrà.

"Kí lo wá ń wò bẹ́ẹ̀ yẹn? Ìwọ̀n èyí àti ti òjé, ṣé ọ̀kan náà ni?"

"Ọ̀kan náà ni."

"Ìbọn ńkọ́? Ṣé o ra òmíràn ni?"

"Èyí tó o mọ̀ náà ni."

"Wá wọn ẹ̀tù tó o ti ń wọ̀n tẹ́lẹ̀ sí i, ká máa lọ. Ìgbàlà ni Ọlọ́run fún wa, kò fún wa ní ìpayà."

Tàjùdéèn mú ọta òjé kan àti ọta bàbà kan, ó gbé wọn nàró lórí tábìlì. "Èwo ló ga jù?"

"Bàbà."

"Torí pé bàbà fúyẹ́ ju òjé ni. Kí ìwọ̀n wọn tó dọ́gba, bàbà á gùn jù ú lọ. Gígùn yẹn, níbo ló máa kó sí?"

Bánjí wo ọta, ó wo ife idẹ.

"Inú ife yìí ni, níbi tí ẹ̀tù ń gbé. Ó máa há ẹ̀tù mọ́. Tó o bá wá kó ẹ̀tù tó ń gbé yàrá ńlá sínú yàrá kékeré, tó o ṣáná sí i, apá ìbọn lè má ká a. Bàbà tún le. Kì í gba ọ̀nà inú ọ̀pá ìbọn wẹ́rẹ́ bíi ti òjé."

"Kí la ó ṣe wá?"

"Ìsàlẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣe ọta yìí gan-an ti kọ iye ẹ̀tù tó kéré jù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún un. Kì í ṣe ti ọta tó jọ ọ́ o. Ibẹ̀ la ó ti máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Tí ìbọn bá kùn, a ó sọ̀kalẹ̀."

"Ìbọn a máa kùn?"

"Tó o bá yìn ín tán, irin tó o fi ń ṣí i á le lọ́wọ́ rẹ. Tàbí kó o rí i pé ìṣáná ìdí ife tẹ́ pẹrẹsẹ. Tàbí kí ìdí idẹ máa dán níbi tí kò yẹ. Tó o bá ti rí ọ̀kan, o ti kọjá ibi tó yẹ kó o dúró."

Bánjí mi orí. "Bí ìyàwó mi ṣe rí gan-an nìyẹn. Kì í sọ̀rọ̀. Àmì ló máa ń fi hàn."

Tàjùdéèn fọ ọ̀pá ìbọn rẹ̀ títí aṣọ fi ń jáde ní funfun, kó má bàa da ìdọ̀tí òjé pọ̀ mọ́ bàbà. Lọ́jọ́ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dì, ó fi fóònù sí kíṣìnì. Ike ẹ̀tù kan ṣoṣo ló gbé sórí tábìlì, kó má bàa ṣi òmíràn mú. Ó to àwọn ife idẹ sórí pákó oníhò, ó ń wọn ẹ̀tù sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àṣà rẹ̀ ni pé tó bá wọ̀n ọ́n tán, á tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn, á wò ó pé ẹ̀tù inú wọn dọ́gba, kó tó fi ọta dí wọn lẹ́nu.

Ibi tó wọ̀n ọ́n dé nìyẹn tó gbọ́ ohùn ìyá ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Alhájà Bàrákàt ni orúkọ wọn. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, wọ́n wá dúró de ọmọ kí wọ́n lè máa wẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ òfuurufú wọn tètè dé, Rùkáyàt sì ti lọ gbé wọn wálé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọkùnrin tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wọlé tí kò yọjú, kò sí àlàyé tó lè ṣe. Tàjùdéèn gbé ṣíbí ẹ̀tù kalẹ̀, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ kú ọ̀nà. Ẹ kú ewu ọkọ̀."

"Ewu ò wu wá, Àkànní. Ṣé àlàáfíà ni mo bá ọ?"

"A dúpẹ́, Mà. Àwọn ará ilé ńkọ́? Alfa àdúgbò ńkọ́? Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ńkọ́?"

Wọ́n kí ara wọn dé orí ajá inú ọgbà. Ó bá wọn gbé ẹrù, ó bá wọn mu tíì. Nígbà tó padà sínú yàrá, ó jókòó, ó mú iṣẹ́ rẹ̀ níbi tó rò pé òun fi í sí. Ó sì dá a lójú pé òun ti tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn.

Pápá kan wà ní Kent tí àwọn tó ní láísẹ́ǹsì ti máa ń dán ìbọn wò. Ibẹ̀ ni òun àti Bánjí gbé ọta náà lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bó ṣe sọ. Àwọn tó kọ́kọ́ yìn lọ dáadáa, irin náà ń ṣí wẹ́rẹ́. Ó tún ki ọ̀kan, ó yìn ín. Ìbọn kò dún. Ó kàn ṣe "kọ́" bí ẹni fi ìka kan ilẹ̀kùn.

"Ìyẹn ti kú," Bánjí ní. "Ki òmíràn sí i."

Tàjùdéèn na ọwọ́ sí i pé kó dúró. Ó jẹ́ kí ẹnu ìbọn kọjú sí ibi tí wọ́n ń yìn ín sí, ó dúró pẹ́, kó tó ṣí i. Ife idẹ jáde, kò sí ọta lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu ìbọn. Ọ̀pá náà kò kọjá. Ìṣáná nìkan ló ti ta ọta bàbà náà wọnú ọ̀nà, kò sí ẹ̀tù kankan lẹ́yìn rẹ̀, ó sì há síbẹ̀. Ká ní ó ki òmíràn sí i ni, tó sì yìn ín, ìbọn á bẹ́ sí i lójú.

Bánjí jókòó sílẹ̀ sórí koríko tútù. Wọ́n gbé ìbọn náà fún alágbẹ̀dẹ ìbọn kó bá wọn yọ ọta inú rẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n ń bọ̀ nílé. 

Bánjí ní, "Ìwọ tó o máa ń wo bóòtù lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo dìde kí ìyá ìyàwó mi ni," Tàjùdéèn ní.

Láti ọjọ́ náà ló ti ṣòfin fún ara rẹ̀: tí ẹ̀tù bá ti wà lórí tábìlì, òun kò ní kí ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó sọ fún Rùkáyàt. Rùkáyàt ní ó dáa, ṣùgbọ́n kó lọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Màmá. Ó ní òun máa sọ ọ́. Ó sọ bẹ́ẹ̀ lónìí, ó sọ bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ọkùnrin tó ń rọ̀ sórí okùn lífìtì kò rí ẹnu sọ ọ́ fún Alhájà.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, Alhájà ti ọjà Rye Lane dé pẹ̀lú iṣu àti ata rodo. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré náà, wọ́n ní, "Àkànní, o kú iṣẹ́ o."

Ẹ̀yìn ló kọ sí wọn, ṣíbí ẹ̀tù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò dáhùn.

"Mo ní o kú iṣẹ́."

Ó ń wọ̀n ọ́n lọ. Ó wọ̀n ọ́n tán, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó wò wọ́n, ó dé ike ẹ̀tù. Nígbà tó fi yíjú padà, ẹnu ọ̀nà ti ṣófo. Ó sáré lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú yàrá wọn. Alhájà kọjú sí ògiri, wọ́n ń fa tẹ̀súbáà.

Wọ́n pe Rùkáyàt ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sókè kí ẹni tó yẹ kó gbọ́ lè gbọ́. "Sọ fún ọkọ rẹ kó má da ara rẹ̀ láàmú lórí ẹran. Èmi ni mo máa se oúnjẹ ìsọmọlórúkọ, èmi ni mo sì máa bu tìyá ọmọ fún un. Ẹran ẹni tí mo kí tí kò dá mi lóhùn, ọwọ́ mi kò ní kàn án."

Rùkáyàt pe Yusrah, Yusrah pe bàbá rẹ̀. "Daddy, Grandma ní no. Ohun tí Grandma bá ní kí n má jẹ, mi ò lè jẹ ẹ́. Kí lẹ ṣe gan-an?"

"N ò dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n kí mi."

Yusrah ní, "Grandma kí yín, ẹ ò dáhùn." Bí èèyàn ṣe ń sọ pé ẹnìkan dáná sun ilé ni ó ṣe sọ ọ́.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo lọ dá ìkòkò Rùkáyàt padà. Alhájà wà nínú kíṣìnì. Tàjùdéèn wá, ó na gbalaja sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó fi àyà lélẹ̀, ó dí ọ̀nà pátápátá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúláàtì wa, ẹ mọ̀ ọ́n, kò fẹ̀.

"Dìde, mo fẹ́ kọjá."

"N kò ní dìde, Mà, àfi tẹ́ ẹ bá gbọ́ tẹnu mi."

"Sọ ọ́ nígbà náà. Èmi kò lè fi etí lélẹ̀ bíi tìrẹ."

Ó yọ ọta bàbà kan nínú àpò, ó gbé e síwájú ẹsẹ̀ wọn. Èyí tó há ni, tí alágbẹ̀dẹ ìbọn yọ. Ó ṣàlàyé fún wọn látìbẹ̀rẹ̀: ife tó wà lórí pákó, ohùn wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tíì tí wọ́n jọ mu, ìbọn tí kò dún, ohun tí Bánjí wí. "Ìkíni ọjọ́ tẹ́ ẹ dé ló wà lára ọta yìí, Mà."

Alhájà wo ọta náà. "Tó o bá wá ki òmíràn sí i ńkọ́, bí Bánjí ṣe wí?"

"Rùkáyàt lẹ ò bá máa tù nínú báyìí, Mà."

Alhájà fa àga kíṣìnì, wọ́n jókòó.  Wọ́n wá ní, "Nígbà tí mo kéré, ìyá bàbá mi máa ń rán mi lọ pọn omi àfàárọ̀pọn fún aláìsàn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni. Tí o bá ti gbé omi yẹn rù, o kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, tó o bá sọ̀rọ̀, omi náà ti bàjẹ́. Mo pàdé bàbá tó bí mi lọ́jọ́ kan. Ó kí mi. N kò dáhùn, n kò kúnlẹ̀. Ṣe ló yà fún mi lọ́nà." Wọ́n wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀. "Kí ló dé tó ò fi sọ fún mi pé omi àfàárọ̀pọn lo ń pọn?"

"N kò mọ̀ pé òun ni mo ń pọn, Mà."

"Òun ni. Dìde. O ti fi àyà nu ilẹ̀ tán, Rùkáyàt kò ní gbálẹ̀ lónìí mọ́."

Nígbà tí Tàjùdéèn tún fẹ́ di ọta, Alhájà gbé àga kíṣìnì náà sí ẹnu ọ̀nà yàrá kékeré, wọ́n jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀súbáà wọn. Rùkáyàt fẹ́ bèèrè bóyá kí òun gbé oúnjẹ wá, wọ́n fi ojú lé e padà. Ẹni tó gbé ẹrù ọmọ tí Yusrah rà wá láti ilé ìtajà tẹ aago, Alhájà bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí aago. Èmi náà wọlé, wọ́n ní kí n bá wọn kí ara mi, kí n máa lọ. Bánjí ló wá kẹ́yìn.

"Ẹ kú ilé, Mà. Tàjù ńkọ́?"

"Ó lọ pọn omi."

"Omi? Ní Peckham?"

"Wá ibì kan jókòó, tàbí kó o máa lọ."

"Mà, mo ń gbọ́ bó ṣe ń húkọ́ nínú ibí."

"Omi ló ń húkọ́," Alhájà ní.

Bánjí jókòó sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó dákẹ́ títí Tàjùdéèn fi jáde.

Ní pápá, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dún. Tàjùdéèn ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Tó bá yin ọ̀kan, á ṣí irin, á mú ife rẹ̀, á yí i wò nínú ìmọ́lẹ̀ kó tó ki òmíràn. Ó dé ibì kan tí ihò ọta mẹ́ta fara kanra lórí bébà bí ọmọ ìyá. Ó gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i, irin náà sì le díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ìbọn kalẹ̀.

"Díẹ̀ ló le," Bánjí ní. "Gbìyànjú ọ̀kan sí i. Á tún yára ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àgbọ̀nrín kò bèèrè ìyára lọ́wọ́ mi." Ó sọ̀kalẹ̀ padà sí ibi tí ọmọ ìyá mẹ́ta wà. Àwọn tó ti dì fún òkè, kò yìn wọ́n. Nígbà tó délé, ó tú wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yusrah bí ọmọbìnrin nígbà tí igi ń wọ́wé. Nasir ọkọ rẹ̀ ló pè wá. Kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, Tàjùdéèn ti lọ sí Kent. Ó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbó, akọ àgbọ̀nrín kan jáde sínú pápá, ó fi ẹ̀gbẹ́ sí i. Ó ní Bismillah, ó yìn ín. Ẹran náà sáré díẹ̀, ó ṣubú, Tàjùdéèn sì sáré débẹ̀ láti dú u. Ó tú u wò dáadáa kó tó gbé e. Ọta bàbà náà ti gba ara rẹ̀ kọjá sínú ilẹ̀. Kò fọ́ sínú ẹran.

Alhájà fọwọ́ ara wọn se é, òórùn ata rẹ̀ dé ilé mi kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè mí. Ilé kún. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Nusaybah. Nígbà tí oúnjẹ kàn, Alhájà bu àgbò sí àwo kan, wọ́n bu ẹran ìgbẹ́ sí òmíràn, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé èyí tó jẹ́ ẹran ìgbẹ́ síwájú Yusrah. Yusrah wo àwo, ó wo bàbá rẹ̀.

"Bàbà ni?"

"Bàbà ni."

Ó mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Tàjùdéèn kò jókòó, kò mì, bí ẹni pé lífìtì ló ń tẹ́tí sí. Yusrah jẹ ẹ́ tán, kò sọ nǹkan kan, ó mú òmíràn. Ó tún mú ẹ̀kẹta. Ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ wá jókòó.

"Rọra," Alhájà ní. "Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó fún ọ."

Alhájà ti padà sí Ìbàdàn. Àga náà kò padà sí kíṣìnì. Tí Tàjùdéèn bá fẹ́ wọn ẹ̀tù, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kò sí ẹni tó ń jókòó lé e. Tí mo bá kan ilẹ̀kùn wọn, tí Rùkáyàt ṣí i, tí mo sì rí àga níbẹ̀, n ó gbé ohun tí mo mú wá kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́, n ó padà sílé mi. N ó kí wọn tó bá di ọ̀la.